Kí A Tó Pe Àlejò: Ètò Ìrìn-àjò Afẹ́ àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Ìfáárà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá ló ń sọ pé àwọn fẹ́ kí ọdún ìbílẹ̀, òkè, odò àti igbó wa di ibi tí àlejò yóò máa wá náwó sí. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí a fẹ́ kó ròde yìí, ta ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá mi.

Ìyá àgbà kì í lè rìn dé odò mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá kò, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ bu omi wá nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Wọn a bu díẹ̀ mu, wọn a fi díẹ̀ bọ́jú, wọn a sì gbé ìyókù pamọ́. Lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, mo gbé omi dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, wọ́n wò ó títí. Omi náà pọ́n bí ìgbà tí a po amọ̀ sómi. Wọn kò mu ún, wọn kò sì jẹ́ kí n dà á nù. Wọ́n ní kí n gbé e sábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló wà di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti yé mi pé ètò ìrìn-àjò afẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àlejò, ìdí ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ètò tí à ń wí?

Kí á wá wo ibi ọdún kì í ṣe ohun tuntun láàárín Yorùbá. Láti ayébáyé ni ará ìlú kan ti máa ń lọ bá ìlú kejì ṣọdún. Onílé a sè, a sì wá ibi tí àlejò yóò sùn sí. Àlejò mọ onílé, onílé náà sì mọ ilé tí àlejò ti wá. Bí àlejò bá fẹ́ dé ibi tí kò yẹ kí ó dé, onílé a fà á lápá, ọ̀rọ̀ a parí. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà ń wá, owó ló sì fi ń wọlé. Nítorí náà, ohun tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń bójú tó tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ètò bójú tó.

Ètò tí mo ń wí yìí kì í ṣe pátákó ńlá tí a kọ "Ẹ káàbọ̀" sí lẹ́bàá títì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì nìkan. Ètò ni pé kí á mọ ohun tí a ní, kí á mọ ohun tó lè bà á jẹ́, kí á mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí á sì mọ ọwọ́ tí owó rẹ̀ yóò bọ́ sí. Ìgbà tí a bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni a tó lè mọ iye àlejò tó yẹ kí á pè.

Ìtàn Igbó Ọ̀ṣun ní ṣókí

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ló kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń gé igi láti tẹ̀dó, igi kan wó sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn tó ń ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bá a dá májẹ̀mú: wọn yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, òun náà yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún un, wọ́n sì lọ tẹ ìlú dó sókè. Kí á fi èyí sọ́kàn: àìrí omi ló lé wọn kúrò ní Ìpólé, omi tí wọ́n rí ló dá ìlú sílẹ̀.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, igbó náà ti ń dìdàkudà. Wọ́n ń gégi, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń ṣọdẹ níbi tí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ èèwọ̀. Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915, ti dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ó di olórìṣà, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Àdùnní. Òun àti àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú, bí Adébísí Àkànjí, Kàsálí Àkàngbé àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, ni wọ́n fi símẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi tún àwọn ojúbọ ṣe, tí wọ́n sì gbé àwọn ère ńláńlá tí gbogbo ayé ń wá wò lónìí kalẹ̀. Ní ọdún 1965, ìjọba àpapọ̀ fi òfin sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n mú un gbòòrò kan gbogbo igbó náà, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 75. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Òun ni ìkejì ní Nàìjíríà, lẹ́yìn Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa, tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ ní ọdún 1999. Àdùnní fi ayé sílẹ̀ ní Òṣogbo ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009.

Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, a ó rí i pé ìdáàbòbò ló ṣáájú, òkìkí ló tẹ̀lé e, àlejò ló wá gbẹ̀yìn. Bí a bá wá fẹ́ kí àlejò ṣáájú, a kan fẹ́ fi orí ọ̀rọ̀ sí ipò ìdí ni.

Ohun tí ọdún 2020 kọ́ wa

Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń wáyé, ọjọ́ 12 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ìwọ́pópó ló máa ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n a tan atùpà Olójúmẹ́rìndínlógún, lẹ́yìn náà ni Ìborìadé, kí ó tó wá kan ọjọ́ tí Arugbá yóò gbé igbá lọ sí odò, tí Àtáọ́ja àti gbogbo ìlú yóò sì tẹ̀lé e. Ọjọ́ ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀.

Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí èrò lè péjọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ṣe ọdún náà. Àwọn tó ń ta ẹrù, àwọn onímọ́tò àti àwọn onílé ìtura pàdánù, mi ò ní sọ pé kò dun ni. Ṣùgbọ́n Arugbá gbé igbá, ó dé odò, ó sì bọ̀. Ọdún náà kò bàjẹ́.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ọdún lè wà láìsí àlejò, àmọ́ àlejò kò lè wá láìsí ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ní láti kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọdún náà kò lè ṣe aláìní. Ní tèmi, ohun mẹ́rin ni mo rí.

(a) Igbó

Igbó Ọ̀ṣun wà lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tó ṣẹ́kù ní gúúsù Nàìjíríà. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní irú igbó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odi. Púpọ̀ nínú wọn ti di ilé, àwọn mìíràn ti di oko. Òṣogbo ti fẹ̀ yí tirẹ̀ ká. Lóòótọ́, wọ́n fi ilẹ̀ hẹ́kítà 47 ṣe ààlà ìdáàbòbò yí i ká, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìlú ńlá kì í ṣófo lójú ẹni tó ń wá ibi kọ́lé.

Nínú igbó náà, nǹkan bí 40 ojúbọ àti ère ló wà, pẹ̀lú ààfin 2 àti ojú ibi ìbọ 9 létí odò. Símẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í ṣe òkúta. Òjò ń fọ̀ wọ́n, gbòǹgbò igi ń la ìdí wọn, ọwọ́ àlejò sì ń fi wọ́n dánra wò. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe mọ wọ́n ń darúgbó, àwọn mìíràn sì ti lọ. Bí kò bá sí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, kí ni a ó fi han àlejò ní ogún ọdún sí i?

Kí á tún wo ti èrò. Ọjọ́ 12 ni ọdún, ọjọ́ 353 ló kù nínú ọdún kan. Bí gbogbo ènìyàn bá rọ́ wọ igbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀ a kì, ọ̀rá omi a kún ẹsẹ̀ igi, ẹni tó wá bọ̀rìṣà kò sì ní rí ojú odò. Ètò gidi ni kí á wá bí àlejò yóò ṣe máa wá díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọdún, kí ọjọ́ Arugbá lè jẹ́ ti àwọn onílé jù.

(b) Omi

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Odò Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Láti ilẹ̀ Èkìtì, ní Ìgèdè, ló ti ṣàn wá, ó sì la ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí ni wọ́n ti ń wa góòlù. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ kúrò lára góòlù ń wọ inú àwọn odò kéékèèké, àwọn odò kéékèèké sì ń wọ inú Ọ̀ṣun. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni àwọ̀ omi náà ti yí padà tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ ọ́. Àyẹ̀wò ti rí àwọn ohun olóró bí òjé àti mẹ́kúrì nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Síbẹ̀, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá tọrọ ọmọ kò ní ṣàì bu omi.

Ẹ̀yin ará, hẹ́kítà 75 ni a fi òfin dáàbò bò, ṣùgbọ́n odò kì í ka ìwé òfin. Ọgbà tí a bá ṣe yí igbó ká lè dá ẹni tó fẹ́ gégi dúró, kò lè dá ẹrẹ̀ dúró. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ètò tó bá gbàgbé orísun odò ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ẹni tó ń wa góòlù náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Ohun tó sì wà nídìí rẹ̀ gan-an nìyí: Òṣogbo ń jèrè àlejò, àwọn abúlé tó wà lókè odò kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Kí ló fẹ́ mú wọn tọ́jú omi fún wa? Bí wọ́n bá wà nínú ètò náà, bí àlejò bá ń dé orísun odò ní Ìgèdè, tí ó ń dúró jẹun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń ra iṣẹ́ ọwọ́ wọn, omi tó mọ́ yóò di èrè tiwọn náà. Ìwọ̀nyí kò ní kí òfin má mú ẹni tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ o. Ọ̀pá nìkan ni mo sọ pé kò tó.

(d) Ènìyàn

Ìyá Ọ̀ṣun, Àwòrò, Arugbá, onílù, agbẹ́gilére, aláró, àti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ló ni ọdún. Bí a bá ń ka owó tí àlejò ná, ẹ jẹ́ kí á béèrè èyí tó dé ọwọ́ wọn. Kì í ṣe ọrẹ tí a ń ju síni lọ́jọ́ ọdún ni mo ń wí, ìpín tí a kọ sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ iye rẹ̀, ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ojú ibi ìbọ ní oṣù Kejì, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán kankan níbẹ̀, náà ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú igbó ni a gbé kalẹ̀ fún ojú. Àwọn tó ni ín ni kí ó sọ ibi tí àlejò lè dé, ibi tí ó lè yà ní fọ́tò, àti ibi tí yóò ti padà. Ohun tí a kò bá fi han àlejò kò dín iyì ibẹ̀ kù. Àwọn ará ìlú tó jẹ́ Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì náà pọ̀, wọn kò sì ṣeé yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bọ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ìlú wọn ni, ìtàn wọn náà sì ni.

(e) Ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Lọ́jọ́ kan tí mo wà létí odò, obìnrin kan tó wá láti Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì bi mí léèrè ìtumọ̀ orúkọ oríkì kan tí wọ́n fi ń kí Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ wọn. Oxum ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun níbẹ̀, Ochún ni ti ilẹ̀ Kúbà. Obìnrin náà pe orúkọ oríkì náà, ohùn rẹ̀ ti yí díẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Mo sọ fún un pé mo ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Ojú rẹ̀ tàn. Mo wá ní mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá kan tó ń fọ igbá nítòsí ló gbà mí sílẹ̀, tó túmọ̀ rẹ̀ tó sì fi ìtàn rẹ̀ tì í. Ìyá náà kò kàwé. Ojú tì mí, n kò ní purọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé bí ìyá yẹn bá lọ, ta ni obìnrin Bàhíà yóò bi? Àlejò tó bá wo ère láìgbọ́ ìtàn rẹ̀, símẹ́ǹtì ló rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ni ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọ inú igbó náà ní tòótọ́, a kò sì tí ì kọ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀.

Bí a ṣe lè ṣe é

Bí wọ́n bá bi mí, ọdún mẹ́ta ni n ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò náà.

Ní ọdún kìn-ín-ní, kí á kà, kí á sì kọ. Kí á kọ gbogbo ojúbọ, ère, igi àti ibi ìbọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ìtàn wọn. Kí á máa yẹ omi wò lóṣooṣù, kí á sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní èdè Yorùbá tó yé ìyá àgbà.

Ní ọdún kejì, kí á jókòó. Kí ààfin, àwọn olórìṣà, àwọn oníṣẹ́-ọnà, ìjọba, àti àwọn ará ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà lókè odò fẹnu kò lórí èèwọ̀, lórí iye èrò, lórí ìpín owó, àti lórí ẹni tí yóò dáhùn bí omi bá bàjẹ́.

Ní ọdún kẹta, kí á kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní iṣẹ́ atọ́nà, iṣẹ́ ère títúnṣe àti iṣẹ́ aró. Nígbà náà ni kí á tó gbé pátákó "Ẹ káàbọ̀" dúró.

Ohun tí mo sọ yìí kò mọ sí Òṣogbo. Ẹni tó bá ń ṣètò fún Òkè Ìdànrè tàbí Olúmọ ní Abẹ́òkúta lè fi ìbéèrè kan náà dán ètò rẹ̀ wò: kí ni ohun tí ibí yìí kò lè ṣe aláìní, ta ló sì ń tọ́jú rẹ̀?

Iṣẹ́ tiwa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a kò ní agbára lórí awakùsà, a kò sì ní owó ìjọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀, èyí tí mo fi ṣe ìkẹrin, iṣẹ́ tiwa ni. Lọ́dọọdún ni a ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń kún fún eruku lórí pẹpẹ. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ènìyàn mẹ́sàn-án nínú wa mú ojú ibi ìbọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ jókòó ti àwọn tó ń ṣọ́ ọ, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ó kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí á kọ, kí ó sì fi ẹ̀dà kan padà sí ọwọ́ wọn? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa rò ó.

Ìkádìí

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tó kọjá, ìyá àgbà bi mí bóyá omi ti mọ́. Mo ní, "Kò tí ì mọ́, ìyá." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n má da ti abẹ́ tábìlì nù o, pé ọjọ́ tí mo bá bu èyí tó mọ́ wá ni àwọn yóò tó dà á.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí á tọ́jú ilé. Àlejò yóò wá.